Adéoyè Lámbò: dókítà tó kó àwọn aláìsàn ọpọlọ lọ sáàárín abúlé

Bí wọ́n bá sọ nílẹ̀ Yorùbá pé wọ́n ti gbé lágbájá lọ sí Àró, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ohun tó ń ṣe é. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kan ọpọlọ nìyẹn. Kódà, àwọn ọmọ iléèwé máa ń fi orúkọ ibẹ̀ bú ara wọn. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ọ̀wọ̀ ni àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń dárúkọ Àró yìí, tí wọ́n ń wọ bàálù wá sí Abẹ́òkúta kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta kan ló wà nídìí ẹ̀. Thomas Adéoyè Lámbò lorúkọ ẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí ọkùnrin náà ti kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀.

Ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Baptist Boys' High School tó wà ní Abẹ́òkúta níbẹ̀ ló lọ, kó tó di pé ó kọjá sí Yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti kọ́ṣẹ́ dókítà parí ní 1948. Nígbà tó padà wálé ní 1950, ìjọba gbà á síṣẹ́, wọ́n sì gbé e kiri: Èkó, Zaria, Gusau. Iṣẹ́ dókítà gbogboogbò ló ń ṣe nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ló tún padà sí London, ó lọ sí Maudsley láti kọ́ nípa ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ojú ẹ̀ lọ́nà ti òyìnbó.

Kẹ́ ẹ tó lè mọ bí ohun tó ṣe nígbà tó dé ti tóbi tó, ẹ ní láti mọ bí nǹkan ṣe rí kó tó dé.

Láti 1907 ni ìjọba òyìnbó ti ní ilé kan ní Yábàá tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní Yaba Left títí dòní. Ní 1916, wọ́n ṣe òfin kan tó sọ bí wọ́n ṣe máa mú irú àwọn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á sì tì wọ́n mọ́lé. Ẹ wo òfin yẹn dáadáa: bí wọn ò ṣe ní dí ará ìlú lọ́wọ́ ló jẹ òyìnbó lógún níbẹ̀, kì í ṣe bí ara wọn ṣe máa yá. Ilé àhámọ́ ni àwọn ibẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn ọmọ ogun wa kan padà dé pẹ̀lú ọpọlọ tó ti dàrú, Lántòrò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n kó wọn sí.

Àwọn ẹbí tí kò fẹ́ gbé èèyàn wọn lọ sírú ibẹ̀, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni wọ́n ń gbà lọ. Àwọn kan rí ìwòsàn níbẹ̀. Ààbà ni wọ́n kan mọ́ àwọn mìíràn lẹ́sẹ̀ fún oṣù, fún ọdún. Àwọn baba wa ò purọ́ tí wọ́n sọ pé wèrè dùn ún wò, kò dùn ún bí. Ìyá tó bí i ló mọ̀ ọ́n.

Ọdún 1954 ni Lámbò dé sí Àró. Ìjọba ti ń kọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ tuntun síbẹ̀, wọ́n sì ní kó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: wọn ò tíì kọ́ ọ tán. Dókítà ti dé, àwọn aláìsàn wà nílẹ̀, wọ́ọ̀dù tí wọ́n máa sùn sí ni kò sí.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó, kó máa kọ lẹ́tà sí ìjọba pé àfi kí ilé parí. Lámbò wo àyíká ẹ̀. Abúlé ló yí Àró ká. Àgbẹ̀ ló ń gbébẹ̀, wọ́n ní ilé, wọ́n ní oko, wọ́n ní ọjà, wọ́n sì ní ayẹyẹ tiwọn. Ló bá gba ọ̀dọ̀ àwọn baálẹ̀ àti àgbààgbà abúlé lọ. Ohun tó bá lọ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn aláìsàn wá máa gbé láàárín wọn, kí wọ́n gbalé lọ́wọ́ wọn bí ayálégbé èyíkéyìí.

Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ tó le ni. Ta ló fẹ́ kí wèrè wá bá òun gbé? Ó gba àlàyé púpọ̀ kí wọ́n tó gbà. Ṣùgbọ́n Lámbò ò kàn fẹnu bẹ̀ wọ́n lásán. Àwọn onílé ń gba owó ilé. Wọ́n yá àwọn onílé lówó kí wọ́n fi kún yàrá tí wọ́n ní. Wọ́n mú ẹ̀rọ omi wọ abúlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n sì gbógun ti ẹ̀fọn. Nítorí náà, ará abúlé tí orí ẹ̀ pé pérépéré náà rí i pé ara òun le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti ìgbà tí àwọn aláìsàn ti dé. Àwọn ọmọ abúlé kan ríṣẹ́ nílé ìwòsàn náà.

Ohun kan wà tí Lámbò gbé kalẹ̀: kò sí aláìsàn tó máa dá wá. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹbí kan, ó kéré tán, tó máa bá a gbé, bóyá ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí àǹtí. Ẹbí yẹn ló máa dáná, ló máa fọṣọ. Bílẹ̀ bá mọ́, á mú un lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á fún un lóògùn tàbí kí wọ́n lo àwọn ẹ̀rọ ìtọ́jú ìgbà yẹn fún un. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n jọ ń padà sí abúlé ni. Ẹni tára ẹ̀ bá ti ń yá lè tẹ̀lé àgbẹ̀ lọ sóko. Tílẹ̀ bá ṣú, ó lè bá wọn dé ibi ijó, ó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Àwọn nọ́ọ̀sì wà láàárín abúlé tó ń mójú tó wọn.

Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ńlá ni. Aláìsàn ò kúrò láàárín èèyàn, nítorí náà kò tún ní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn gbé nígbà tí ara ẹ̀ bá yá tán. Ẹbí tó tọ́jú ẹ̀ náà ti di nọ́ọ̀sì láìlọ iléèwé: ó ti mọ oògùn tó ń lò, ó ti mọ àmì tó máa kọ́kọ́ yọ tí àìsàn náà bá tún fẹ́ dé. Owó tí ìjọba ná sì kéré sí owó tí wọn ì bá fi kọ́ wọ́ọ̀dù.

Èyí tó wá dá awuyewuye sílẹ̀ jù ni ti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Lámbò pè wọ́n wá sí Àró, wọ́n sì ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé àwọn 1950 là ń sọ o, nígbà tó jẹ́ pé ojú àbùkù ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń wo babaláwo. Àwọn kan sọ pé ọmọ tó kàwé dé London ń dá wa padà sínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n ojú Lámbò là sí ohun tó ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo nǹkan tí oníṣègùn ń ṣe ló gbà. Ohun tó mọ̀ ni pé tí èèyàn bá gbà pé ayé ló ń ṣe òun, tí dókítà ò sì fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí, ìtọ́jú dókítà náà ò ní wọlé. Oníṣègùn mọ ọ̀rọ̀ tí aláìsàn ń sọ, ó mọ ìdílé, ó mọ èèwọ̀. Dókítà mọ oògùn. Lámbò fẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀.

Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pé jọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé irú ẹ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ọdún yẹn náà ni òun àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton ṣáájú wọn, jọ lọ káàkiri ìlú Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé láti wádìí ìlera ọpọlọ àwọn èèyàn wa. Ìwé tí wọ́n kọ lórí ẹ̀ jáde ní 1963. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé níbi tí àjọṣe ìlú bá ti dàrú, àìsàn ọpọlọ máa ń pọ̀ níbẹ̀ ju ibi tí àwọn èèyàn ti wà ní ìṣọ̀kan lọ.

Ọdún 1963 yẹn ló di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó wá ń kọ́ àwọn dókítà mìíràn. Tọ́lání Aṣúní ló ń darí Àró lẹ́yìn ẹ̀. Ní 1968, Lámbò di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn pátápátá.

A ò ní fi ọ̀kan sílẹ̀ ká máa sọ ìkejì. Ìgbà tó wà lórí oyè yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, tí ọlọ́pàá wọ inú ọgbà, tí wọ́n sì yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjù, ní ọjọ́ 1, oṣù kejì, 1971. Ọkùnrin tó fi ẹ̀sọ̀ bá àwọn baálẹ̀ sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi gba aláìsàn sílé, abẹ́ àkóso ẹ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ ti bá ìbọn lọ. Àwọn tó wà ní Ìbàdàn nígbà yẹn ò gbàgbé.

Ọdún yẹn kan náà ló lọ sí Geneva, sí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní 1973, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1988. Àárín ìgbà yẹn, ní 1978, ni wọ́n ṣe ìpàdé ńlá Alma-Ata, nílẹ̀ Kazakhstan tó wà lábẹ́ ìjọba Soviet nígbà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ ìlera ju ti dókítà nìkan lọ: pé ètò ọ̀gbìn, ẹ̀kọ́, ilé gbígbé àti omi wà nínú ẹ̀, àti pé kí wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé lẹ́kọ̀ọ́, títí kan oníṣègùn ìbílẹ̀ níbi tó bá yẹ. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ sí i bí ohun tuntun. Ẹni tó bá ti dé Àró láti 1954 ti rí i rí.

Ọjọ́ 13, oṣù kẹta, 2004 ni Lámbò jáde láyé.

Ní báyìí ńkọ́? Òfin 1916 yẹn ò kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Ìwé òfin nìyẹn o. Ní ti èèyàn, a ti lé ní 200 mílíọ̀nù ní Nàìjíríà, gbogbo dókítà ọpọlọ tá a ní kò sì tó ẹgbẹ̀rún kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sá lọ sókè òkun. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde pé wọ́n ṣì ń de àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, nílé oníṣègùn, nílé àdúrà, kódà láwọn ibi tó jẹ́ ti ìjọba.

Ọ̀rọ̀ tá à ń sọ lójoojúmọ́ ni pé dókítà ò tó. Òótọ́ ni, kò tó. Ṣùgbọ́n ní 1954, dókítà ọpọlọ kan ṣoṣo ló wà ní Àró, wọ́ọ̀dù ò sì sí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: onílé gbà á, ìyá tẹ̀ lé ọmọ, nọ́ọ̀sì sún mọ́ wọn, oníṣègùn jókòó ti dókítà, ìjọba gbé omi wá. Àwọn wọ̀nyẹn ò tíì tán láàárín wa. Ẹni tó máa lọ bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ la ò rí.