Kí Òṣòdì tó di ibùdókọ̀, ọ̀gágun ni

Gbogbo ìgbà tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé ní Èkó ni ọ̀rọ̀ ta ló ni Èkó máa ń gbòde. Ẹ lọ wo orí Facebook lásìkò yẹn. Ẹni tó ń gba ilé gbé ní Ìsọlọ̀ á máa sọ fún ẹlòmíràn tó ń gba ilé gbé ní Ìsọlọ̀ pé kó máa padà sí ìlú bàbá ẹ̀. Ìyẹn náà á dá a lóhùn, èébú á sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì á wọ danfó kan náà, kọ̀ńdọ́ á sì máa pariwo orúkọ ọkùnrin kan tí wọn kò bí sí Èkó, tí kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ Yorùbá: Òṣòdì! Òṣòdì! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o!

Ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Òṣòdì Landuji Tápà lorúkọ rẹ̀. Tápà ni àwa Yorùbá ń pe àwọn ará Nupe, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1800. Ó wà lọ́mọdé nígbà tí ogun gba àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láyé ìgbà yẹn, ọmọ tí kò bá ti ní ẹni tó máa gbèjà rẹ̀ mọ́, ọwọ́ ọlọ́wọ́ ló máa bọ́ sí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń mú irú wọn wá, síhà òkun. Báyìí ni ọmọ Tápà yìí ṣe dé Èkó, tó sì di ẹrú ní ààfin Ọba Òṣìnlókun, ẹni tó jọba láti 1821 sí 1829.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ẹrú ọba. Ìbẹ̀rù tí ọba ń bẹ̀rù ọmọ ìyá rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ń bẹ̀rù ẹrú rẹ̀ lọ. Ọmọ ìyá ọba lè gba ìtẹ́. Òṣìnlókun alára mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ Adélé, àbúrò rẹ̀, ló ti gba ti tirẹ̀. Ẹrú kò lè jọba láéláé, kò ní ìdílé tó máa tì í lẹ́yìn nílùú, ọ̀dọ̀ ọba nìkan ni ojú rẹ̀ ń wò. Torí náà, iṣẹ́ tó bá gba ìfọkàntán, tó sì ní owó nínú, ẹrú ni ọba máa ń gbé e fún.

Oníṣòwò Pọtogí kan bá ọba dá a pé kó fún òun ní méjì nínú àwọn ọmọ ilé rẹ̀, òun á mú wọn lọ sókè òkun, òun á sì dá wọn padà. Àwọn tí ọba yàn ni Dada Antonio àti Òṣòdì. Àsìkò tí ọkọ̀ ojú omi ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò ní etíkun wa láìpadà ni mò ń wí o. Ọmọ yìí wọ ọkọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Nígbà tó dé, ó ti ń sọ èdè Pọtogí. Ọba fi í sídìí owó ibodè, òun ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Pọtogí fún ọba, wọ́n sì ń bu tirẹ̀ fún un níbẹ̀. Ká fi ojú òde òní wò ó, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Òun náà di olówó, ó sì ní ẹrú tirẹ̀. Ẹ má gbàgbé apá ibí yìí, nítorí màá padà síbẹ̀.

Wàhálà oyè Èkó lẹ́yìn ikú Òṣìnlókun gùn, mi ò ní fi gbogbo rẹ̀ dà yín láàmú. Kókó ibẹ̀ ni pé Kòsọ́kọ́, ọmọ Òṣìnlókun, gba àfẹ́sọ́nà Elétù Òdìbò mọ́ ọn lọ́wọ́, Elétù Òdìbò sì wà lára àwọn tó ń fi ọba jẹ. Láti ọjọ́ yẹn ni Kòsọ́kọ́ kò ti rójú rere rẹ̀ mọ́. Elétù lọ débi pé ó hú òkú ìyá Kòsọ́kọ́, ó sì dà á sínú ọ̀sà. Kòsọ́kọ́ bá ara rẹ̀ ní Àjùdà, tí wọ́n ń pè ní Ouidah ní ilẹ̀ Benin. Nígbà tí Akíntóyè, tó jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, jọba ní 1841, ó ní kí ọmọ náà máa bọ̀ wálé. Elétù kìlọ̀ fún un títí, kò gbọ́.

Ogun bẹ́ ní oṣù Keje ọdún 1845. Òṣòdì ni balógun Kòsọ́kọ́. Ogun Olómirò ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn ará ilé Akíntóyè kò rí omi gidi mu mọ́, omi ọ̀sà oníyọ̀ ni wọ́n ń mu. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tó hàn pé Akíntóyè ti bọ́ sí kòrọ̀, ọba gba ojú omi lọ ní òru, ó sì gba Àgbóyì kọjá. Òṣòdì ló ń ṣọ́ ọ̀nà yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ó rí i. Ó jẹ́ kó lọ. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Kòsọ́kọ́, àlàyé tó ṣe ni pé Akíntóyè fi oògùn di òun àti àwọn ọmọ ogun òun lójú.

Èmi ò rò pé oògùn kankan wà níbẹ̀. Akíntóyè kì í ṣe àjèjì sí Òṣòdì, àbúrò ọ̀gá tó tọ́ ọ dàgbà ni. Ó lè jà fún ọmọ ọ̀gá rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ẹ̀jẹ̀ ọba sílẹ̀, ìyẹn kọjá ohun tí ó lè ṣe. Ohun tó ṣe yẹn náà ló sì sọ Èkó di ti òyìnbó, nítorí Akíntóyè tó jẹ́ kó kọjá dé Abẹ́òkúta, ó dé Àgbádárìgì, ó sì bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n wá bá òun gba ilé òun. Ó ní òun á dá òwò ẹrú dúró bí wọ́n bá dá òun padà.

Wọ́n kọ́kọ́ wá ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1851. Àsíá funfun ni wọ́n ta, àwọn ará Èkó sì wo àsíá náà, wọ́n tún wo àwọn ọkọ̀ ológun tó tẹ̀ lé e, ni wọ́n bá yìnbọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sílẹ̀, wọ́n sun ilé díẹ̀, wọ́n sì padà lọ. Bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn òyìnbó tó, ìjákulẹ̀ ni wọ́n bá pàdé lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, wọ́n tún dé, Captain Lewis Jones ló kó wọn wá. Ọkọ̀ Bloodhound àti Teazer ló ṣíwájú. Àwọn ará Èkó ti fi igi ṣe odi sí etí omi, wọ́n gbẹ́ kòtò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì to àgbá síbẹ̀. Kò pẹ́ tí Teazer fi há sórí iyanrìn. Àgbá Èkó dojú kọ ọ́. Láti gbà á sílẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sílẹ̀ wá pa àgbá náà lẹ́nu mọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ máa fi parí, nǹkan bíi 15 ti kú nínú wọn, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì lé ní 70. Ní ọjọ́ kejì ni rọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í fò wọ ìlú. Ilé Òṣòdì wà lára ohun tó jóná. Òru ọjọ́ yẹn ni Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ wọ ọkọ̀, tí wọ́n sì lọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú ní ọjọ́ 28, kò sí ẹni tó máa bá wọn jà. Ogun Àgídìǹgbì ni Èkó ń pe ogun yìí, nítorí ìró àgbá.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ. Á ní òwò ẹrú ni Òṣòdì ń gbèjà, àti pé ire ni òyìnbó wá ṣe. Òótọ́ ni pé Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì jẹ nínú òwò ẹrú, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861: ọdún kẹwàá kò tíì pé tí Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè tí wọ́n ní àwọn wá ràn lọ́wọ́, fi tọwọ́ bọ̀wé pé Èkó ti di ti Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Epo pupa àti èbúté wà nínú ìfẹ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dúró sẹ́yìn odi lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì lè jẹ́ olówò ẹrú, kó sì tún jẹ́ ẹni tó ń gbèjà ìlú. Òfin kọ́ mi pé ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ olùpẹ̀jọ́ nínú ẹjọ́ kan kó sì jẹ́ olùjẹ́jọ́ nínú òmíràn.

Èpé ni wọ́n sá lọ. Títí di òní, ẹ ṣì máa gbọ́ Èkó-Èpé àti Ìjẹ̀bú-Èpé níbẹ̀. Àwọn ará Kòsọ́kọ́ ló bí ti Èkó. Wọn kò lọ sùn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1853, wọ́n padà wá kọ lu Èkó lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbà á. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Akíntóyè kú. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Èpé pé òun kò ní gbógun ti Èkó mọ́, wọ́n sì gbà pé òun ló ni èbúté Palma àti Lẹ́kì. Lẹ́yìn tí Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì tán, wọ́n jẹ́ kí wọ́n padà wálé ní 1862. Ẹ̀yin ará Lẹ́kì tí ẹ ń sanwó ilé olówó gọbọi lónìí, orúkọ yẹn wà nínú àdéhùn àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Èkó nígbà kan.

Ilẹ̀ tí Òṣòdì àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ní Èkó ni wọ́n ń pè ní Èpétẹ̀dó. Agboolé 21 ni wọ́n pín in sí. Ọmọ Tápà tó wọ Èkó láìní nǹkan kan ló dá àdúgbò yìí sílẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni MKO Abíọ́lá dúró sí ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994, tó kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ. Òṣòdì kú ní oṣù Keje ọdún 1868, Èpétẹ̀dó ni ibojì rẹ̀ wà.

Mo ní màá padà sórí ọ̀rọ̀ ẹrú tirẹ̀. Àwọn tó kún agboolé mọ́kànlélógún yẹn, èyí tó pọ̀ nínú wọn ni àrọ́ta, ìyẹn àwọn ẹrú ilé Òṣòdì àti ọmọ wọn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba fún àwọn olórí agboolé ní ìwé ilẹ̀. Wàhálà dé. Ìdílé Òṣòdì ní ilé àwọn ni gbogbo rẹ̀, àrọ́ta kò lè tà á láìgbàṣẹ. Àwọn yẹn náà ní ìwé wà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n gbé e láti kóòtù dé kóòtù, títí ó fi dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba ní London. Òṣòdì v. Dakolo, ọdún 1930, gbogbo ẹni tó bá ka òfin ilẹ̀ ní yunifásítì Nàìjíríà ti pàdé rẹ̀, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ìdánwò nìkan ló kà á fún. Ẹjọ́ yẹn nìkan kò tó. Ní 1947, ìjọba ṣòfin lórí ilẹ̀ Èpétẹ̀dó, ó tún ṣe òmíràn lórí ilẹ̀ tí àwọn àrọ́ta ní ìwé Ọba lé lórí. Orúkọ yẹn gan-an, àrọ́ta, ni wọ́n kọ sí àkọlé òfin náà, ọdún 79 lẹ́yìn tí Òṣòdì, tí òun náà jẹ́ ẹrú rí, ti wọ ilẹ̀ sùn.