Adéoyè Lambo: Dókítà tó ní kí aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàrin ìlú

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Gusau àti ní agbègbè Zungeru, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti ṣe dókítà ìjọba lọ́dọ̀ yín rí. Kó tó di pé ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọdé dókítà tí ìjọba ń gbé kiri bí wọ́n ṣe ń gbé tíṣà kiri ni. Èkó, Zungeru àti Gusau ni wọ́n ti lò ó. Òun náà mọ bí èèyàn ṣe ń gbé láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923. Baptist Boys' High School ló lọ, ilé ẹ̀kọ́ tí Ọbásanjọ́ àti Abíọ́lá náà padà lọ. Láti ibẹ̀ ló ré kọjá sí Yunifásítì Birmingham ní ìlú òyìnbó, ó sì gboyè dókítà ní 1948. Ibẹ̀ náà ló ti pàdé ìyàwó rẹ̀, Dinah Adams. Lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ nílé díẹ̀, ó tún padà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ. Nígbà yẹn, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó ti kọ́ irú ẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ibi tí owó wà. Wèrè lòun lọ bá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe rí kó tó dé. Ìjọba òyìnbó ti ṣí ilé wèrè sí Yábàá láti 1907, òmíràn sì wà ní Calabar. Ibi ìtọ́jú kọ́ ni wọ́n ní ti gidi. Ibi tí wọ́n ń kó èèyàn pamọ́ sí ni, kó má baà dà ìlú rú. Ní Abẹ́òkúta, Lántòrò ni wọ́n kó àwọn sójà tí ogun Hitler da ọpọlọ wọn rú sí, ọgbà ẹ̀wọ̀n sì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ti àwa fúnra wa, ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ là ń gbé èèyàn wa lọ, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn, nígbà mìíràn pàṣán wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká parọ́ fún ara wa.

Nígbà tí Lambo fi máa dé ní 1954, ọsibítù tí ìjọba ń kọ́ sí Aro, lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta, kò tíì parí. Àwọn aláìsàn ń dé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí wọ́n máa sùn. Dókítà mìíràn ìbá ní kí wọ́n máa lọ ilé kí wọ́n padà wá. Lambo gba àwọn abúlé tó yí Aro ká lọ, ó bá àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbà sọ̀rọ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn òun. Ẹ fojú inú wò ó ná. Dókítà kan, ọmọ yín, tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ló ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gba wèrè sílé, láàrin àwọn ọmọ yín! Abúlé mẹ́rin ló gbà.

Òfin kan wà tí kì í yẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá ni o, ìyàwó ni o, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ó kéré tán ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa sè fún un, kó máa fọṣọ rẹ̀, kó mú un lọ sí ọsibítù láàárọ̀, kó sì mú un padà lọ́sàn-án. Ọsibítù ni wọ́n ti ń gba oògùn, abẹ́rẹ́ àti ìtọ́jú tó ń lo iná mànàmáná. Bí ọ̀sán bá pọ́n, wọ́n á padà sábúlé, ẹni tó lè roko á roko, ẹni tó lè ta ayò á jókòó tì í. Ijó àti ọdún ìlú náà wà níbẹ̀, wọ́n ń bá wọn ṣe é.

Àwọn ará abúlé kò ṣe é lásán, ó sì yẹ ká sọ ọ́ torí àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bíi pé àánú nìkan ló mú wọn gbà. Wọ́n ń gba owó ilé. Ọsibítù yá wọn lówó láti fi tún ilé wọn ṣe, omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n bá wọn gbógun ti ẹ̀fọn. Lambo mọ ìwà ọmọ èèyàn. Ó mọ̀ pé aládùúgbò tó ń jèrè lára ẹ kò ní tètè lé ẹ.

Iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì náà yí padà. Nílé wèrè àtijọ́, bíi wọ́dà ni ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, kọ́kọ́rọ́ ló ń dì mú. Ní Aro, nọ́ọ̀sì ní láti wọ inú abúlé lọ, kó mọ bí aláìsàn ṣe sùn, bóyá ó jẹun, bóyá ó lo oògùn rẹ̀, kó sì gbọ́ ti ìyá tó bá a wá. Ìyá yẹn gan-an ti di igbákejì nọ́ọ̀sì, òun ló ń kọ́kọ́ rí i bí ojú ọmọ rẹ̀ bá tún ń yí padà.

Níbo ni Lambo ti rí ọgbọ́n yìí? Ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ni. Àwọn náà kì í gba aláìsàn láìsí ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó mú ohun tó dáa níbẹ̀, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sílẹ̀. Ó tún gba díẹ̀ nínú wọn síṣẹ́ ní Aro, kí wọ́n máa ràn án lọ́wọ́ láti mọ ohun tó wà lọ́kàn aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Àwọn dókítà kan bínú sí i nítorí èyí. Dókítà Tọ̀lání Àsúní tó bá a ṣiṣẹ́ ní Aro, tó sì gba ipò lẹ́yìn rẹ̀, kò ní irú ìgbàgbọ́ yẹn nínú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde tí dókítà òyìnbó kan tó ṣiṣẹ́ ní Kenya, J. C. Carothers, kọ. Ó ní àwa aláwọ̀ dúdú kì í lo iwájú ọpọlọ wa tó bó ṣe yẹ. Ó fi wá wé òyìnbó tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ọpọlọ. Ó tún ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Lambo kò bú u. Ó kó iṣẹ́ sílẹ̀. Ó fi hàn pé àìsàn náà wà, àmọ́ ọ̀tọ̀ lọ̀nà tí èèyàn wa ń gbà sọ ọ́: ẹni tí ìbànújẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á sọ pé orí ló ń fọ́ òun, pé nǹkan ń rìn lára òun, pé oorun kò kun òun. Òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá á fún un lóògùn orí fífọ́, á ní kó máa lọ.

Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn olùwádìí wọ Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé ti àgbègbè kan ní Kánádà. Irú àìsàn kan náà ni wọ́n bá níbi méjèèjì. Ìwé tó jáde látinú rẹ̀ ní 1963 ń jẹ́ Psychiatric Disorder among the Yoruba. Ọdún 1961 yẹn náà ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun pàdé ní Abẹ́òkúta, ìpàdé àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kan tún wà tó kan àwa tá a wà lájò. Láwọn ọdún 1950, ìdààmú ọpọlọ ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní ìlú òyìnbó, wọ́n sì ní kí Lambo wádìí rẹ̀. Ó rí i pé bí wàhálà bá dé bá wọn, àwọn tó ti kàwé débi gíga ń padà sí ọ̀rọ̀ ilé: àjẹ́, ọ̀tá, àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n yege. Wọ́n dá wà nínú òtútù, ìdánwò ń bọ̀, kò sí ẹni tí wọ́n lè sọ ọ́ fún.

Ní 1963 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ní 1968 ó di gíwá yunifásítì náà. Ipò yẹn kò rọrùn fún un. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọlọ́pàá wọlé, wọ́n yìnbọn, Kúnlé Adépéjù sì kú. Àwọn kan kò yọ ọ́ kúrò lọ́rùn gíwá títí dòní. Ọdún yẹn náà ló kó lọ sí Geneva, sí Àjọ Ìlera Àgbáyé, àjọ kan náà tó gbé ìwé Carothers jáde. Láti 1973 di 1988, òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà níbẹ̀.

Ètò abúlé Aro kò gbóná mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ nígbà tó fi padà dé. Ìlú ti fẹ̀, iṣẹ́ oṣù ti gba èèyàn. Tani yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta nítorí àbúrò? Àwa tá a wà lókè ọ̀hún mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ọpọlọ ẹnì kan bá dàrú ní Sabon Gari, ohun tí ẹgbẹ́ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ká dáwó, ká fi mọ́tò gbé e lọ sílé. Lójú tèmi, ètò yẹn dúró lórí ẹ̀yìn àwọn ìyá àti ìyàwó, kò sì sẹ́ni tó san owó oṣù fún wọn rí.

Lẹ́yìn Geneva, Lambo dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ sí Èkó. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2004, ó ku ọjọ́ 16 kó pé ẹni ọdún 81. Ọsibítù Aro ṣì wà níbẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni báyìí, Lántòrò náà sì wà lábẹ́ rẹ̀.