Oníṣègùn Tí Ó Wọ Inú Awo

Nígbà tí ẹ bá gba ọ̀nà Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, ẹ rántí Dókítà Oguntola Sapara. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a gbà lóko ẹrú ni baba rẹ̀. Ìlú Freetown ni a sì bí òun sí ní 1861. Ó kọ́ ìṣègùn ní ìlú òyìnbó, ó sì di dókítà ìjọba ní Èkó ní 1896.

Ní ayé ìgbà náà, ta ni kì í bẹ̀rù Olóde? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í fẹ́ pe orúkọ àrùn yẹn gan-an. Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ìgbóná ń pa ènìyàn, wọn kò sì fẹ́ bupá. Sapara fura. Ní 1897 ó yọ́ wọ ẹgbẹ́ awo náà, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àṣírí bá tú, ẹ̀mí òun lè bá a lọ. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé àwọn àwòrò kan ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi í ran ẹlòmíràn. Ẹrù òkú a sì di tiwọn. (Kì í ṣe ọwọ́ wọn nìkan ni àrùn náà ń gbà tàn, èémí aláìsàn pàápàá tó.) Ìròyìn rẹ̀ mú kí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà.

Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè I.S.O. dá a lọ́lá fún iṣẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, oyè náà kéré sí ewu tí ó wọ̀. Ó kú ní 1935. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé.