Ọba Ajijo àti Ìlú Tó Kọ́ Ara Rẹ̀ Níṣẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà ẹ̀ka wa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa mọ̀: tòrò. Bí omi bá dàrú, tí a gbé e kalẹ̀ títí ìdọ̀tí fi rọlẹ̀, a ó ní ó ti tòrò. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú orúkọ tí àwọn ará Ìlàjẹ kan sọ ìlú wọn ní 1947, nígbà tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun. Ayé wọn ti dàrú kí wọ́n tó débẹ̀. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n. Wọ́n kọ̀ láti fara mọ́ pípa ìbejì, inúnibíni sì lé wọn kúrò nílé.

Ọba àkọ́kọ́, Okenla, wàjà ní 1950. Ẹni tó gorí oyè Ogeloyinbo lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀: Ọba Matthew Ẹkúndayọ̀ Ajijo.

Ẹrẹ̀ àti omi ni Ajijo jogún. Orí òpó igi ni ilé wà, orí pákó ni ẹsẹ̀ ń gbà, ẹja pípa sì ni iṣẹ́. Ó di àdúrà ìlú mú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí àdúrà dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Lábẹ́ rẹ̀, ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ẹni tó pa ẹja, ìlú ló pa á fún. Ìlú náà ló sì ń fún un ní oúnjẹ, aṣọ àti ilé. Níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò ti ń gba owó oṣù, owó tó wọlé ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ.

Báyìí ni ibi iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i: aṣọ rírán, bàtà ṣíṣe, búrẹ́dì, ọṣẹ, iṣẹ́ káfíńtà àti ọkọ̀ ojú omi kíkàn. Iná mànàmáná tàn níbẹ̀ ní 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó tóbi jù ú lọ ṣì ń tan àtùpà. Wọ́n tún gbẹ́ ọ̀nà omi kí ọkọ̀ lè gba inú ọ̀sà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ti àwọn ọmọ. Wọ́n ń lọ sí ilé ìwé, wọ́n sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, láìjẹ́ pé òbí ń wá owó ìkọ́ṣẹ́ kiri. Ọmọ apẹja tí kò rí ju àwọ̀n lọ wá di ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn. Kò rọrùn kí ènìyàn ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ láìní kọ́bọ̀ tó lè pè ní tirẹ̀. Ajijo wàjà ní 1966. Ní 1968, ìlú gbà kí oníkálukú máa ṣòwò tara rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ibi iṣẹ́ ńlá náà ń kógbá wọlé. Àwọn kan ka èyí sí ìṣubú. Lójú tèmi, ètò tó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọba kò lè ju ẹ̀mí ọba lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọwọ́ ti mọ̀ kò ṣeé gbà padà.

Òkun ti ń jẹ Ayétòrò báyìí. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ibi iṣẹ́ lọ, àwọn ará ìlú sì ṣì ń retí ògiri tí ìjọba ṣèlérí láti fi dá omi dúró. Bí ilẹ̀ náà ṣe ń lọ ni ọ̀rọ̀ ń bá a lọ: orúkọ tí wọ́n ń pe irinṣẹ́, ara ọkọ̀ àti ẹ̀yà ẹ̀rọ ní ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tí Ajijo wàjà ti tó nǹkan bí ẹni 80 ọdún lónìí. Ẹ̀yin ọmọ ọdún kẹta tó ń wá àkọlé fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín, ẹ tètè lọ bá wọn, kí ẹ sì mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání.