John Adams àti Ìgbà Àkọ́kọ́ Tí Ìjọba Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Kan sí Òmíràn ní Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀, orúkọ George Washington ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Washington ṣe Ààrẹ fún ọdún mẹ́jọ, ó sì fi ipò náà sílẹ̀ ní ọdún 1797 nígbà tí kò sí ẹni tí ó lé e. John Adams tí ó jẹ Ààrẹ tẹ̀ lé e kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Ó tún díje lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fìdí rẹmi. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìfìdírẹmi Adams kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan tí ògo Washington kò lè kọ́ni. Ó rọrùn fún ẹni tí gbogbo ènìyàn ń yìn láti fi oyè sílẹ̀. Ẹni tí inú ń bí, tí àṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì gbé e fún alátakò rẹ̀, ni ó fi hàn bóyá òfin ìlú lágbára tàbí kò lágbára.

Ìbí àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọjọ́ 30, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1735 ni a bí John Adams ní ìlú Braintree ní Massachusetts, tí ó wà lábẹ́ àkóso ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ó tún máa ń ṣe bàtà, ó sì jẹ́ díákónì nínú ìjọ. Adams kàwé jáde ní Harvard ní ọdún 1755. Ó ṣe iṣẹ́ tíṣà ní ìlú Worcester kí ó tó di agbẹjọ́rò. Ní ọdún 1764, ó gbé Abigail Smith níyàwó, obìnrin ọlọ́gbọ́n tí ó di olùdámọ̀ràn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́tà tí tọkọtaya yìí kọ sí ara wọn, tí ó ṣì wà nípamọ́ títí di òní, lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Ní ọjọ́ 5, oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, ọdún 1770, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu èrò ní ìgboro Boston. Ènìyàn márùn-ún ni ó bá a lọ. Inú ìlú ru. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Adams, ó gbà láti wà lára àwọn tí yóò gba ẹjọ́ àwọn ọmọ ogun náà rò, nítorí ó gbà pé ẹni tí gbogbo ìlú kórìíra pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí ìdájọ́ òdodo. Ilé-ẹjọ́ dá ọ̀gá wọn sílẹ̀. Nínú ọmọ ogun mẹ́jọ tí ó kù, wọ́n dá mẹ́fà sílẹ̀. Àwọn méjì tí ó jẹ̀bi bọ́ lọ́wọ́ ikú, irin gbígbóná ni wọ́n fi sàmì sí àtàǹpàkò wọn.

Láti ọdún 1774, Adams wà lára àwọn aṣojú tí ó ń pàdé ní Philadelphia. Òun ni ó dábàá ní ọdún 1775 pé kí Washington di olórí ogun. Ní ọdún 1776, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tí a yàn láti kọ Ìwé Ìkéde Òmìnira. Thomas Jefferson ni ó kọ ọ́, Adams ni ó sì dúró tì í gbágbáágbá nígbà tí àríyànjiyàn dé. Òun náà ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé òfin Massachusetts ti ọdún 1780, èyí tí ìpínlẹ̀ náà ṣì ń lò pẹ̀lú àtúnṣe. Ó wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Paris tí ó fi òpin sí ogun ní ọdún 1783.

Ààrẹ Láàárín Iná Méjì

Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí igbákejì Ààrẹ, Adams borí nínú ìdìbò ọdún 1796 pẹ̀lú ìbò 71. Jefferson ní 68. Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tí ó bá ṣe ipò kejì ni yóò di igbákejì Ààrẹ. Báyìí ni Adams, ọmọ ẹgbẹ́ Federalist, ṣe rí Jefferson, olórí ẹgbẹ́ Republican ayé ọjọ́un, gẹ́gẹ́ bí igbákejì rẹ̀.

Ní àkókò yìí, àwọn ọkọ̀ ojú omi Faransé ń gba ọkọ̀ ọjà àwọn ará Amẹ́ríkà. Adams rán ikọ̀ mẹ́ta lọ sí Paris láti wá àlàáfíà, ṣùgbọ́n owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìlú gbọ́ ní ọdún 1798, gbogbo ènìyàn fárígá. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lójú òkun láìsí ìkéde ogun.

Nínú ìbínú yìí ni àwọn aṣòfin Federalist ṣe òfin tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ èké àti ti àrankàn nípa ìjọba, Ààrẹ tàbí ilé aṣòfin. Òfin náà kò dáàbò bo igbákejì Ààrẹ rárá, nítorí Jefferson ni ó wà níbẹ̀. Adams fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi í ju àwọn oníwèé ìròyìn alátakò sẹ́wọ̀n. Wọ́n ju aṣòfin kan láti Vermont, Matthew Lyon, sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rin. Àwọn ènìyàn rẹ̀ sì dìbò yàn án padà nígbà tí ó ṣì wà nínú túbú. Àbàwọ́n ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó ti dúró fún òdodo ní ọdún 1770. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ó jọ pé àwọn aṣòfin náà mọ èyí, nítorí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ọ̀hún pé yóò kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, ọdún 1801, èyí tí ó ṣáájú ọjọ́ tí sáà Ààrẹ yóò parí.

Síbẹ̀, Adams kò jẹ́ kí ìbínú ìlú fa ogun ńlá. Alexander Hamilton àti àwọn èèkàn ẹgbẹ́ ń pe fún ogun, Hamilton fúnra rẹ̀ sì wà nídìí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tuntun. Ní oṣù Èrèlé, ọdún 1799, Adams kéde pé òun yóò rán ikọ̀ mìíràn lọ sí ilẹ̀ Faransé, láìbi àwọn mínísítà rẹ̀ léèrè. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pín sí méjì. Hamilton kọ ìwé pẹlẹbẹ tí ó fi bu ẹnu àtẹ́ lù ú bí ìdìbò ti ń sún mọ́lé. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ìparí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ọdún 1800, ṣùgbọ́n ìròyìn náà kò tètè la òkun kọjá láti ràn án lọ́wọ́.

Ìfìdírẹmi àti Ìgbéjọba-Sílẹ̀

Jefferson àti Aaron Burr ní ìbò 73 ẹnì kọ̀ọ̀kan; Adams ní 65. Ó yẹ kí a rántí pé òfin ka ìdá mẹ́ta nínú ìdá márùn-ún àwọn ẹrú mọ́ iye ènìyàn tí a fi ń pín ìbò fún ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹrú náà kò gbọdọ̀ dìbò. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan gbà pé láìsí ìṣirò yìí, Adams, tí kò ra ẹrú rí, ni ìbá wọlé.

Nítorí pé ìbò Jefferson àti ti Burr dọ́gba, ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ilé aṣojú-ṣòfin. Ìgbà 36 ni wọ́n dìbò kí Jefferson tó borí ní ọjọ́ 17, oṣù Èrèlé, ọdún 1801. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, àwọn Federalist kan ń wá ọ̀nà láti fún ẹlòmíràn ní ipò náà, àwọn gómìnà Virginia àti Pennsylvania sì ti ń múra ogun. Adams kò lo rògbòdìyàn yìí láti jókòó pẹ́ sí i. Lóòótọ́, ó yan John Marshall ṣe olórí àwọn adájọ́, ó sì yan àwọn adájọ́ mìíràn títí sáà rẹ̀ fi ku ọ̀la, èyí tí ó bí Jefferson nínú. Ní ìdájí ọjọ́ 4, oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kúrò ní Washington láìdúró wo ìbúra Jefferson. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí Charles ọmọ rẹ̀ kú. Ìwà yìí kò bójú mu tó, ṣùgbọ́n ó lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìjọba bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ alátakò, kò sí ìbọn tí ó dún.

Àgbálọgbábọ̀

Adams padà sí oko rẹ̀. Ní ọdún 1812, Benjamin Rush tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì parí ìjà òun àti Jefferson, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí ara wọn títí dé òpin. Ó pẹ́ láyé tó láti rí i tí ọmọ rẹ̀, John Quincy Adams, di Ààrẹ ní ọdún 1825. Òun àti Jefferson kú ní ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 4, oṣù Agẹmọ, ọdún 1826, tí Ìkéde Òmìnira pé àádọ́ta ọdún gééré.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ipò tí Adams pàdánù ni ó fi ẹsẹ̀ ìjọba tiwa-n-tiwa Amẹ́ríkà múlẹ̀. Ìwé òfin wọn ti wà láti ọdún 1789, ṣùgbọ́n ọdún 1801 ni wọ́n mọ̀ dájú pé ẹni tí ó pàdánù yóò jáde fún ẹni tí ó wọlé.