Olóyè Adékúnlé Ajáṣin: Gómìnà Tí Kò Fi Owó Ìlú Ṣe Fàájì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí owó tó ń wọlé fún ìjọba bá dín kù, tí ará ìlú kò sì lágbára láti san owó orí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìnáwó nìkan ló kù tí a lè dín. Ṣùgbọ́n ìnáwó ta ni kí a kọ́kọ́ dín? Ìbéèrè yìí ló mú èmi ọmọ Ọ̀rún Èkìtì kọ ìtàn Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin.

Ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1908 ni wọ́n bí i ní Ọ̀wọ̀. Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, ó gboyè ní Fourah Bay ní Sàró ní 1946, ó sì tún kàwé sí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1947 ó di ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀. Ní 1963 ó dá Owo High School sílẹ̀. Òun náà ló kọ ìwé àbá tí ẹgbẹ́ Action Group gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 kà. Ẹni tó pẹ́ nídìí ilé ẹ̀kọ́ báyìí mọ iye tí ìwé ọmọdé ń náni.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó. Abẹ́ Oǹdó ni Èkìtì wà títí di 1996, nítorí náà òun ni gómìnà Ìkẹ́rẹ́, Ìṣẹ̀ àti Emùré. Ìjọba rẹ̀ mú owó ilé ẹ̀kọ́ girama kúrò lọ́rùn òbí; ní 1982 ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Láti 1981 ọjà epo rọ̀bì dẹnu kọlẹ̀, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún ìpínlẹ̀ sì ń joro. Ta ni yóò fi owó orí kún owó orí? Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969 kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Ní ti ara rẹ̀, Ajáṣin kò jẹ́ kí ipò náà di ohun ìjẹkújẹ. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀, mọ́tò méjì ló gbé wọ ìjọba, àwọn méjèèjì sì ti bàjẹ́ kí ó tó kúrò. Ilé kan ló ní l'Ọ́wọ̀, ọ̀kan n'Ìbàdàn. Kò fi ìkankan kún un. Kò ní owó ní báńkì òkè òkun. Lẹ́yìn tí ológun gba ìjọba ní ìparí 1983, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́. Wọ́n dá a láre.

Ó yẹ kí a sòótọ́: owó mọ́tò tí gómìnà kan kò rà kò lè san owó oṣù gbogbo olùkọ́. Ní 1983, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà ló jẹ òṣìṣẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ àjẹjù nìkan ló lẹ́nu láti sọ pé kí ẹlòmíràn fún ṣòkòtò rẹ̀ le. Bí a óò bá dín ìnáwó ìjọba kù, orí àga olóyè ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a má bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì ọmọ àgbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 1997 ni bàbá papò dà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nínú wa ni gómìnà ọ̀la yóò ti wá. Kí á fi í ṣe àwòkọ́ṣe.