Harriman ra ìpín tí àwọn èèyàn ń sá fún

Ọdún 1848 ni wọ́n bí Edward Harriman ní ìpínlẹ̀ New York, l'Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 14 péré ni nígbà tó fi ilé-ìwé sílẹ̀, tó ń jíṣẹ́ fáwọn oníṣòwò ìpín ní Wall Street.

Lọ́dún 1893, gbèsè gbé iléeṣẹ́ rélùwéè Union Pacific ṣubú. Nígbà tí wọ́n tún un tò lọ́dún 1897, oríṣi ìpín méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ni ìpín àkọ́kọ́ ló ń ṣáájú gba èrè, ṣùgbọ́n dọ́là mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún ni, kì í lé. Àwọn tó ni ìpín gbáà ń dúró de ìsàlẹ̀ ìkòkò ni. Bí iléeṣẹ́ náà bá tún ṣubú, òfo ni tiwọn. Ìdí nìyí tí ẹyọ rẹ̀ kan kò fi tó 30 dọ́là.

Harriman kò fojú dí ra á o. Lọ́dún 1898, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti odò Missouri dé etí òkun Pacific, ọ̀sán nìkan ló fi ń rìn, ẹ̀rọ sì ń ti ọkọ̀ náà láti ẹ̀yìn kó lè rí ọ̀nà dáadáa. Ó wo irin, ó wo afárá, ó wo oko àwọn àgbẹ̀. Ó ní kí wọ́n ná mílíọ̀nù 25 dọ́là sí àtúnṣe, ó sì ń ra ìpín gbáà.

Lóṣù kẹjọ ọdún 1906, wọ́n kéde èrè dọ́là mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún ìpín gbáà. Orí mẹ́rin náà ni ti àkọ́kọ́ wà. Harriman kú lọ́dún 1909.